Ọkọ̀ Tí Mo Rẹ̀ Sílẹ̀ Nítorí Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn ará Logbaba ní Douala fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ni mí, àmọ́ ọkọ̀ tí mò ń wà, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, bí ọkọ̀ àwọn ọmọ olówó Bonanjo tí wọ́n fi ń wá ojú rere ọmọge. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Massa, you don turn small pikin?" Èmi á pòṣé, màá ní kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ ṣe. N ò fẹ́ràn yẹ̀yẹ́, kí n má parọ́. Inú mi máa ń tètè ru, láti kékeré ni. Ìyá mi ní igbe tí mo ké lọ́jọ́ tí òun bí mi kì í ṣe igbe ọmọ tuntun, igbe ìjà ni. Síbẹ̀ n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé ìyá mi yìí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ gé sípíríǹgì ọkọ̀ náà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè gún, kí táyà má tẹ̀ sínú, kó má ya síta, kí ọkọ̀ má sì máa fa awakọ̀ lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Páralẹlísìmù ni wọ́n ń pè é ní Douala. Àwọn gáréèjì ńláńlá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Èmi ní okùn méjì, ọ̀pá irin mẹ́rin, rúlà irin kan, ẹfun, àti ojú tí Ọlọ́run fún mi. Màá ta okùn gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, màá wọn àlàfo tó wà láti ara okùn dé iwájú rímù, màá tún wọn ti ẹ̀yìn rímù. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ẹsẹ̀ náà gún. Bí wọn ò bá dọ́gba, màá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú sípánà, màá máa yí i díẹ̀díẹ̀. Wọ́n máa ń ní ojú mi ju ẹ̀rọ lọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ń fi yangàn.

Àwọn ọdún la crise ni mò ń sọ. Ìjọba ti gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ ń tì pa, nígbà tó yá wọ́n tún já owó séfà wa sí méjì lójú wa báyìí, ohun tí a rà lánàá di ìlọ́po méjì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibi gbogbo tí o bá dé, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ sókè, wọ́n á ní, "On va faire comment?" Kí la ó ṣe náà? Èèyàn tí kò rí iyọ̀ rà kò ní wá to ẹsẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n ń wà á títí wáyà inú táyà á fi yọ síta bí eyín arúgbó. Àwọn ọmọ Bonanjo yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ń wá sọ́dọ̀ mi, kí n bá wọn rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ bí ọkọ̀ tó bá lọ sílẹ̀ ṣe ń ṣe.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá ṣòwò, Douala ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ń ta abọ́ tánganran àti ìkòkò nínú ọjà ní New-Bell, obìnrin ńlá sì ni. Mo ní ńlá! Bó bá ń bọ̀ láàárín ọjà, ọmọlanke tó ń kó ẹrù á yà fún un. Bàbá mi máa ń ní òun ò ní ra ilẹ̀kùn sílé, kí ìyá mi ṣáà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi á ní, "Ẹni tí kò bá lè wọlé, kó sùn síta." Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣeré títí ikú fi mú bàbá lọ.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, ìyá mi yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó fi ìbàdí òsì lulẹ̀. Egungun ò dá, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì tún ń rìn, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì yẹn ò gbé sókè mọ́ ju gíga àtẹ̀gùn kékeré kan lọ. Kò lè gun takisí. Kò lè wọ ọkọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, èyí tí mo fi ń gbé e lọ sọ́jà láràárọ̀ kí n tó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Logbaba. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi àti ìyàwó mi gbé e lápá lẹ́sẹ̀, a gbé e wọnú ọkọ̀. Àwọn aládùúgbò ń wò.

Nígbà tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́jà tán, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ọkọ mi, o ṣeun. Ìyàwó mi, o ṣeun. Ẹ má gbé mi mọ́. Òkú àti ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń gbé. Bí mi ò bá lè fẹsẹ̀ ara mi wọ ọkọ̀, màá jókòó sílé."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ ò mọ ìyá mi ni. Ohun tó bá sọ, ó ti sọ ọ́. Mo sì mọ àwọn ìyá bíi mélòó kan láàárín wa níbẹ̀ tí wọ́n jókòó sílé lẹ́yìn irú ìṣubú bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ìgboro, nígbà tí òjò ọdún kejì máa dé, a ti ń sin wọ́n. Ọjà ni ẹ̀mí ìyá mi wà. Ibẹ̀ ló ti ń jà, ibẹ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìròyìn ilé. Bó bá jókòó sílé, mo máa pàdánù rẹ̀.

Mo bá ronú kan ọkọ̀ àwọn ọmọ Bonanjo. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ní kí ìyá mi dúró ti ògiri, kó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè bó ti lè gbé e mọ. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ rán bàtà fún mi ni?" Mo fi ẹfun sàmì síbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dé. Mo wọn ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀: ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga jù. Lọ́jọ́ kejì, mo tú sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gé wọn, mo dá wọn padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó wò ó. Ó ní "Bisimilahi", ó fi ìdí jókòó sórí àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹsẹ̀ òsì wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn, gbà! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, kí lò ń wò? A ń lọ." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti yọ búréèkì ọwọ́, ọkọ̀ sì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń wá ọjọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ mi wù mí jù láyé, ọjọ́ náà nìyẹn.

Àmọ́ ọkọ̀ tí èèyàn bá rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe pé ó kàn kúrú. Orí táyà á tẹ̀ sínú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà síta, ẹ̀gbẹ́ inú táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, á máa fẹ́lẹ́. Bí a bá tún já sí kòtò, tí kòtò ò sì wọ́n ní Douala, etí fẹ́ńdà á gé táyà jẹ. Ìyá mi á ní, "Kí ló ń họra lábẹ́ mi?" Mo fi òòlù tẹ etí fẹ́ńdà náà pẹrẹsẹ. Mo lọ wá rímù tó tín-ínrín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù àlòkù tó ń gba Port wọlé, kí táyà lè jókòó sínú dáadáa, kó má yọrí síta. Àwọn ọmọ Bonanjo máa ń fẹ́ kí tiwọn yọrí. Tèmi, kó ṣáà ti fara pamọ́.

Ó wá ku títò. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí n kì í ṣeré pẹ̀lú rẹ̀: ọkọ̀ tó lọ sílẹ̀, ìwọ̀n ẹni tó máa gùn ún gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà tí a bá ń tò ó. Ọkọ̀ gíga lè fara dà á, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀, bó bá fi ìka kan lọ sílẹ̀ tàbí lọ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Àwọn ọmọ Bonanjo á jókòó sínú tiwọn, wọ́n á máa gbọ́ rédíò. Ìyá mi ńkọ́? Mo ní kó wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun lọ́jà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ìbàdí ń dun òun. Mo rò ó pé òótọ́ ni, ooru abẹ́ páànù náà kì í ṣe ti aláàárẹ̀. Mo bá gbé àpò símẹ́ńtì méjì sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn lápá ọ̀tún.

Àpò méjì ni mo ní ìyá mi wọ̀n. Ta ló wọ̀n ọ́n? Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Ṣé èèyàn á ní kí ìyá òun gun òṣùwọ̀n bí ìrẹsì ni? Obìnrin ńlá ni, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí obìnrin ńlá. Orúkọ tí ọjà fún un ni mo fi wọ̀n ọ́n, n kò fi ojú mi, ojú tí mo fi ń yangàn yẹn.

Oṣù méjì kò pé, táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ ìta ló ń jẹ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn ń sọ: ọkọ̀ náà ga ju bó ṣe wà nígbà tí mo tò ó lọ. Ohun tí mo fi sí i wúwo ju ohun tó ń gbé lọ. Mo rí i, mo mọ̀ ọ́n, n kò sì gbà. Mo lọ bá ẹni tó ta táyà fún mi jà, mo ní táyà jíjẹrà ló tà fún mi. Mo bú ọ̀nà. Mo bú sípíríǹgì. Mo tún gbé àpò símẹ́ńtì méjì padà sáyè wọn, mo tún tò ó, ó tún jẹ bákan náà. Orí kunkun, ẹ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí táyà náà bẹ́ mọ́ wa nídìí lójú ọ̀nà ọjà. Ọkọ̀ yí, ó ń fi ìdí wọ́ lọ sí gọ́tà, mo rọ̀ mọ́ sitiárì, ìyá mi ń ké "Lá iláhà illallọ́ọ̀" lẹ́yìn mi. A dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí etí gọ́tà. Ìyá mi ní, "A dúpẹ́. Ṣé ara rẹ le?" Èmi ló ń bi!

Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́, ó ní kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ó ní, "Ẹ gbé ọkọ̀ yìí sókè padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ má pa ìyá yín, kí ẹ má pa ara yín." Òótọ́ ló sọ. Ìyá mi wà níbẹ̀. Kò bínú, kò gbóhùn sókè, ó kàn ní, "Ẹ máa gbé e sókè. Àga mi wà lẹ́nu ọ̀nà."

Mo ní, "Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún mi ní ìdajì ọjọ́ kan péré. Ẹ wá jókòó sínú ọkọ̀ náà fúnra yín. Bí kò bá gún lẹ́yìn ìyẹn, màá gbé e sókè." Ó ní kò burú, òun máa wá lọ́jọ́bọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ náà, mo wa ọkọ̀ náà wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìyá mi nínú rẹ̀, ó gbé abọ́ onídèérí lé itan. Mo ta okùn mi. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí n wọn bí ọkọ̀ ṣe ga lófìfo, láti ilẹ̀ dé etí fẹ́ńdà. Mo fi ẹfun sàmì. Mo ní kó padà wọlé. Mo tún wọ̀n ọ́n.

Fẹ́ńdà náà kò lọ sílẹ̀ ju ìbú ìka kan lọ.

Mo ní rúlà ló ń ṣe mí. Mo nù ún, mo tún wọ̀n ọ́n. Ìka kan. Mo ti ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bóyá ó há ni, ó lọ sílẹ̀, ó sì padà sókè. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀." Mo gbé àpò símẹ́ńtì méjèèjì sí àyè rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n: ìka méjì géérégé, bó ṣe máa ń wà. Mo fa àpò kan jáde, mo gbé e mọ́ àyà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, mo wò ó.

Ìka kan.

N kò lè gbé àpò náà sílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé e mọ́ra, símẹ́ńtì ń dà sí mi láṣọ. Odidi àpò kan ni ìyá mi fi fúyẹ́ ju ohun tí mo rò pé ó jẹ́ lọ, ara ìyá mi ló ti lọ, tí mo sì ń gbé e kiri láràárọ̀, tí n kò mọ̀. Mo yíjú sí i. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ìgboro bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ìgbà yẹn ni mo tó fi ojú wò ó. Ìró mẹ́ta ló ró léra wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó ti fi òwú wé e ká inú kó má baà bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wa la rù lọ́dún náà, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ka tirẹ̀ sí.

Mo ní, "Ìyá, kí ló ṣe yín?"

Ó ní, "Kò sóhun tó ṣe mí. Ààwẹ̀ ni."

Ààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tí nǹkan ti le ló ti ń gbààwẹ̀ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun ń san àwọn ààwẹ̀ tí òun jẹ nígbà tí òun lóyún wa àti nígbà tí òun ń fún wa lọ́mú, kí ikú má bá gbèsè Ọlọ́run lọ́rùn òun. Ta ló máa bá ìyá àgbà jiyàn lórí ìyẹn? Bí a bá gbé oúnjẹ wá, ó ní òun gba ààwẹ̀, a ó ní "Ọlọ́run á gbà á", a ó gbé e lọ. A tún ń fi í yangàn fún àwọn èèyàn pé ìyá wa di ẹni Ọlọ́run.

Inú mi ru. Mo ju àpò náà sílẹ̀, eruku sọ. Mo kígbe mọ́ ìyá mi, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi. Mo ní, "Oyún mẹ́fà lẹ ní! Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń san án! Ẹ ti san ti wa tán, ẹ tún ti san ti àwọn ọmọ tí ẹ ò bí! Ebi lẹ fi ń pa ara yín!"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí èyí tí mo sọ nípa àwọn ọmọ tí kò bí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta lò ń pariwo mọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ nínú eruku àti ọ̀rá ọkọ̀. Mo ní kó má bínú. Mo ní, "Ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́ fún yín, Ìyá. Bí ẹ ò bá jẹun lónìí, lójú mi níbí, sípíríǹgì tuntun ni màá fi sí ọkọ̀ yìí, màá gbé e sókè, kí ẹ lọ jókòó sílé lóòótọ́. Kí n mọ̀ pé ilé lẹ ti ń kú lọ, kì í ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ mi."

"Dìde," ó ní. "Aṣọ rẹ ń bàjẹ́." Ó gbé abọ́ onídèérí tó wà lórí itan rẹ̀ sókè díẹ̀. "Oúnjẹ wo lo fẹ́ kí n jẹ? Ṣé eléyìí? Ta ló máa ń jẹ ẹ́?"

Èmi ni. Èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti kú lọ́wọ́ mi ló ti jẹ́ pé, láràárọ̀, bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọjà, á gbé abọ́ kan lé mi lọ́wọ́: ìrẹsì àti ẹ̀wà, tàbí iṣu, pẹ̀lú ẹran ọ̀kan tàbí méjì lórí rẹ̀. Á ní òun ti jẹ tòun, tàbí pé òun gba ààwẹ̀. Èmi á jẹ ìdajì, màá mú ìyókù lọ fún àwọn ọmọ mi. Odidi ọkùnrin! Mo rò pé ajẹkù ni. Kò sí ajẹkù. Ìkòkò tirẹ̀ kan péré ló ń gbé kaná, lọ́tọ̀ sí ti ìyàwó mi, èmi àti àwọn ọmọ mi la sì ń jẹ ẹ́ tán.

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé?"

Ó ní, "Ìwọ lò ń gbé táyà, tò ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹni tébi ń pa kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, jáàkì lè yẹ̀. Èmi? Ṣebí jíjókòó ni mò ń jókòó." Ó fi ọwọ́ kan ìdérí abọ́ náà. "Mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ń jẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rò pé n kò mọ̀."

Mo bú sẹ́kún. Kí ni màá tún máa bò mọ́lẹ̀? Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá mi, mo sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sì ń fi ọwọ́ tó ti tín-ínrín yẹn nu símẹ́ńtì kúrò lórí mi.

Nígbà tí mo dákẹ́, mo ní, "Ó dáa. Ẹ parí ààwẹ̀ tòní, a ó jọ ṣínu nírọ̀lẹ́. N kò ní fẹnu kan oúnjẹ inú abọ́ yìí."

Ó wo abọ́ náà. Ó ní, "Kò sí ààwẹ̀ lónìí, ọkọ mi. Ebi ni."

Mo bu omi wá, mo fọ ọwọ́ rẹ̀, mo fọ tèmi. Mo ṣí abọ́ náà sáàárín wa lórí bẹ́ǹṣì. Ó jẹ òkèlè iṣu kan, ó gbé ẹran sí apá ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé e padà. Ó tún tì í sí mi. Mo ní, "Ìyá, mo máa gbé ọkọ̀ yẹn sókè o." Ó pòṣé, ó mú ẹran náà, ó jẹ ẹ́. Ó di ojú, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò kánjú rárá. N kò rí i kó jẹ ẹran láti ìgbà wo, n kò lè rántí, bẹ́ẹ̀ ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. A jẹ abọ́ náà tán, n kò sì mú nǹkan kan lọ sílé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Òun náà sunkún, ó ní ìkòkò méjì ò pọn dandan fún ìdílé kan. Láti ọjọ́ kejì, ìkòkò kan là ń sè, a sì ń jókòó tì í jẹ ẹ́.

Àmọ́ kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó padà wọnú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, mo sì to ẹsẹ̀ náà sí ìwọ̀n tirẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ó gba wákàtí méjì. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀, mo ń dì í le, nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè mi.

"Ọkọ mi."

"Ìyá."

"Pẹ̀lú oúnjẹ tí mo jẹ yẹn. Wọ̀n ọ́n wò. Ṣé ó ti lọ sílẹ̀ díẹ̀?"

Mo jáde, mo fi rúlà ti etí fẹ́ńdà. Mo ní, "Ó ti lọ sílẹ̀, Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, ó sì fara ti àga.

Gbogbo ọjọ́bọ̀ ló ń bèèrè lẹ́yìn ìyẹn. Mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń wọ̀n ọ́n, mo ń dá a lóhùn bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni fẹ́ńdà lọ sílẹ̀ lóòótọ́, n kò parọ́ mọ́.